Ọ̀sẹ̀ Eré Ìje ní Ilé-Ìwé Àwọn Ọmọkùnrin

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí nínú agboolé, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ilé-ìwé girama tí àwọn ọmọkùnrin ń gbé inú rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá tí ó bá ti Ṣakí, Ìkòròdú tàbí Ìdànrè dé pẹ̀lú àpótí onípáànù, garawa àti ẹní kíká, kì í tíì fi ìdí kan ilẹ̀ tí wọn yóò fi sọ fún un pé ilé báyìí ni tirẹ̀. Kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bi í bí ó bá wù ú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí di òpin ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀, àwọn ará ilé yìí ni yóò máa bá jẹun, àwọn ni yóò máa bá sùn, àwọn ni yóò sì máa bá pín ìyìn àti ìyà. Ènìyàn kì í yan ìdílé tí a ó bí i sí. Ọmọ ilé-ìwé pàápàá kì í yan ilé tí a ó fi í sí.

Àṣà náà ti pẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣí CMS Grammar School ní Èkó ní ọdún 1859, ọmọ mẹ́fà péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, inú ilé-ìwé náà ni gbogbo wọn sì ń gbé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a rí irú King's College ní Èkó ní ọdún 1909, Government College ní Ìbàdàn ní ọdún 1929, àti Igbobi College ní ọdún 1932. Bí ọmọ ti ń pọ̀ sí i, wọ́n ń pín wọn sí ilé-ilé gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe ní orílẹ̀-èdè tiwọn. Grier, Swanston, Carr, Field àti Powell ni wọ́n sọ àwọn ilé ti Government College, Ìbàdàn, ní ìrántí àwọn tí wọ́n ṣe gudugudu méje nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ yìí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó mú àṣà náà wá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tiwa ni ó sọ ọ́ di agboolé. Wọ́n fún ilé kọ̀ọ̀kan ní orin, wọ́n fún un ní oríkì, wọ́n sì fún un ní àgbà tí a ń kí àti àbúrò tí a ń rán níṣẹ́.

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí irú agboolé bẹ́ẹ̀ ti rí nínú, kí ó má ṣe wò ó ní ọjọ́ tí àlejò wà níbẹ̀. Kí ó wò ó ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń múra eré ìje ilé-sí-ilé, nígbà tí ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí òjò kò sì tíì dé. Ọ̀kan nínú irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ wáyé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1974, ní ilé-ìwé kan tí ó wà ní ẹ̀bá Ìbàdàn. Ilé mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀: aláwọ̀ pupa, aláwọ̀ aró, aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ ìyeyè. Ilé aláwọ̀ ewé kò tíì gba ife ẹ̀yẹ láti ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n ní ọdún yìí wọ́n ní asáré kan ní ìwé karùn-ún tí kò sí ẹni tí ó lè bá a lẹ́sẹ̀. Gbogbo ilé-ìwé ni ó ti gbà pé ọdún ti wọn dé.

Iṣẹ́ ni ọ̀sẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀. Ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ Ajé, agogo ti dún, àdá sì ti ń kọ yànrànyànràn lórí pápá. Olúkúlùkù ilé ni ó ní ìpín tirẹ̀ láti ṣán. Àwọn àgbà ń gé koríko, àwọn kéékèèké ń kó o jọ, wọ́n ń ru ú lọ dà sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, olùkọ́ Ìṣirò gbé okùn, èèkàn àti ẹfun jáde láti fa ìlà tí wọn yóò sá eré lé. Àwọn ọmọ ìwé kìn-ín-ní tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n rí i pé ó ń fi àmì ìbẹ̀rẹ̀ eré mítà 400 síwájú-síwájú bí ìlà ti ń lọ sí ìta, ọ̀kan nínú wọn kùn pé ìrẹ́jẹ ni èyí, nítorí pé ẹni tí ó wà ní ìta ti ṣáájú kí wọ́n tó yin ìbọn. Olùkọ́ náà fi okùn lé e lọ́wọ́, ó ní kí ó wọn àyípo ti inú, kí ó sì wọn ti ìta. Bí ìlà kọ̀ọ̀kan bá fẹ̀ ju mítà kan lọ díẹ̀, ẹni tí ó wà ní ìlà kejì yóò sá nǹkan bí mítà méje àti ààbọ̀ ju ẹni tí ó wà ní ìlà kìn-ín-ní lọ kí ó tó yí pápá po. Nítorí náà, kí ìje tó lè dọ́gba, ibi ìdúró kò gbọdọ̀ rí bákan náà. Ọmọ náà kò kùn mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú ni wọ́n fi wọn òṣùwọ̀n. Àlejò kì í rí apá yìí, bẹ́ẹ̀ ni òun sì ni gbòǹgbò gbogbo rẹ̀. Òṣùwọ̀n kì í ṣe ìje láàrin ẹni kan àti ẹnì kejì. Wọ́n ti la àkókò tàbí ìwọ̀n kan sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ ọjọ́-orí kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù ọmọ ni yóò sì dojú kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá sá eré tirẹ̀ láàrin àkókò náà, tàbí tí ó fò kọjá ìwọ̀n náà, ti gba máàkì kan fún ilé rẹ̀. Asáré tí yóò gba ipò kìn-ín-ní ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kò lè gbà ju máàkì kan lọ nídìí òṣùwọ̀n kan. Ọmọ tí ó ń wú èémí bí ewúrẹ́ tí ó sì dé ibẹ̀ tipátipá yóò gba máàkì kan náà. Wọn yóò kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, wọn yóò sì rò ó pọ̀ mọ́ ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan bá rí gbà ní ọjọ́ ńlá.

Ọmọ ìwé kìn-ín-ní kan wà ní ilé aláwọ̀ ewé tí ó ti Òkè-Ògùn wá. Kò ga, kò sanra. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ni ó hàn jù lára rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni wọ́n ti mú un ní ẹ̀yìn ọgbà níbi tí ó ti lọ ra àkàrà láìgba àṣẹ, ó sì fi ọ̀sán mẹ́ta gbáko ṣán koríko lẹ́yìn gbọ̀ngàn ìjẹun. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sá mítà 100, àkókò kọjá lórí rẹ̀. Ó fò jìnnà, kò dé ìlà. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ó kù ú ku fífò sókè. Oparun ni wọ́n fi dábùú òpó méjì, iyanrìn ni wọ́n kó jọ sí òdìkejì. Ó ní ànfààní ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kìn-ín-ní, ó gbé oparun lọ mọ́ àyà. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ó fi kàn án. Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kẹta, oparun mì, ó mì, kò sì já bọ́. Ariwo tí àwọn ará ilé rẹ̀ pa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ènìyàn ì bá rò pé òun ni Josiah Majekodunmi, tí ó fi fífò sókè gba ipò kejì fún Nàìjíríà ní Auckland ní orílẹ̀-èdè New Zealand ní ọdún 1950. Máàkì kan péré ni.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó wá síbi òṣùwọ̀n. Àwọn géńdé kan ní ìwé kẹrin àti ìwé karùn-ún kà á sí eré ọmọdé. Ọ̀kan ní inú ń run òun, òmíràn ní òun ní ìwé láti kà. Olórí ilé pè wọ́n títí, wọ́n ní máàkì kan-kan kọ́ ni yóò gba ife. Asáré tí àwọn ní ni yóò gbà á.

Ní òru Ọjọ́rú yìí kan náà ni asáré náà fo ọgbà lọ wo sinimá ní ìgboro. Kò sí ẹni tí ó rí i bí kò ṣe bàbá ọlọ́dẹ. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, bàbá lọ bá olórí ilé nídìí ẹ̀rọ omi.

“Ọmọ mi,” ni ó wí, “ẹnì kan fo ọgbà wọlé ní òru, ilé yín ni ó sì gbà lọ. N kò tíì sọ fún ọ̀gá. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ wá bá.”

“Ẹ ṣé, Bàbá. Ǹjẹ́ ẹ mọ ẹni náà?”

“Ajá mi lé e, kò bá a. Ta tún ni ó lè jẹ́?”

Òfin ilé-ìwé náà kò lọ́jú pọ̀: ẹni tí ó bá jáde láìgba àṣẹ ní ọ̀sẹ̀ eré ìje kò gbọdọ̀ sá eré kankan. Olórí ilé pe ẹgbẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Ṣé lóòótọ́ ni o jáde ní òru àná?”

“Lóòótọ́ ni. Ìwọ náà mọ̀ pé kò sí ẹni tí kò jáde rí nínú wa.”

“Mo mọ̀. O sì mọ ọ̀sẹ̀ tí a wà.”

“Bí o bá gbé ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú olùkọ́, ta ni yóò sá mítà 200 àti 400 fún wa?”

Olórí ilé kò rí èsì fọ̀. Ṣùgbọ́n kí agogo ọ̀sán tó lù, ó ti sọ fún olùkọ́ tí ó ń bójú tó ilé náà, wọ́n sì ti yọ orúkọ asáré náà kúrò nínú ìwé.

Ilé náà gbóná ní alẹ́ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ìkàwé alẹ́, gbogbo wọn péjọ, àwọn kan sì là á mọ́lẹ̀ fún olórí ilé pé ọ̀dàlẹ̀ ni. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilé kì í jáde sí ìta. Wọ́n ní bàbá ọlọ́dẹ dákẹ́, kí ni ó wá kan òun láti sọ̀rọ̀? Wọ́n ní ọdún mẹ́fà ni ilé ti ń wá ife, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ jù ú nù. Olórí ilé gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní kí ọmọ Òkè-Ògùn yẹn dìde dúró.

“Nígbà tí ọmọ yìí fo ọgbà lọ ra àkàrà,” ni ó wí, “ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ní kí ó ṣán koríko. Ta ni nínú yín tí ó sọ ní ọjọ́ náà pé ọ̀rọ̀ ilé kì í jáde sí ìta? Àbí nítorí pé kò lè sáré ni?”

Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Ṣùgbọ́n àìdáhùn kì í ṣe ìdáríjì. Ní ọjọ́ Ẹtì, nídìí tábìlì oúnjẹ, olórí ilé nìkan ni ó jẹ ẹ̀wà tirẹ̀. Àwọn tí ó sún mọ́ ọn yíjú sí òdìkejì. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ kò dúró. Àwọn kan ń na àtíbàbà, àwọn kan ń lọ ṣòkòtò funfun, àwọn onífèrè àti onílù ń dán ohun èlò wọn wò. Ọmọ ìwé kẹrin kan tí kò retí irú rẹ̀ rí ni wọ́n ní kí ó sá mítà 400. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó mọ́, ó bá bàtà onírin ti asáré yẹn lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀. Ìwé ìròyìn ti wà nínú imú bàtà náà, nítorí pé ẹsẹ̀ ẹni tí ó ni ín tóbi jù tirẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó bá a sọ ohunkóhun.

Ọjọ́ ńlá náà dé. Àwọn òbí dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé àwọn obìnrin dé, ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yan kọjá níwájú àwọn àlejò pẹ̀lú àsíá wọn. Wọ́n sáré, wọ́n fò, wọ́n ju ọ̀kọ̀, wọ́n ju ọta irin. Ọmọ ìwé kẹrin náà sá mítà 400 bí ẹni tí ẹkùn ń lé, ó gba ipò kẹta. Asáré gan-an jókòó sí ẹ̀yìn okùn nínú aṣọ ilé-ìwé. Òun ni ó ń bó ọsàn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Títí di ìgbà tí wọ́n fẹ́ sá eré ìje alọ́pàá, èyí tí ẹni mẹ́rin ń fi ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́, kò sí ẹni tí ó mọ ilé tí yóò borí. Nígbà tí wọ́n ka èsì ìkẹyìn, ilé aláwọ̀ aró ni ó gba ife. Máàkì mẹ́ta ni ó fi ju ilé aláwọ̀ ewé lọ.

Máàkì mẹ́ta! Bí asáré yẹn bá sá mítà 400 nìkan ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti yàtọ̀. Gbogbo ilé ni ó mọ èyí, ojú olórí ilé sì ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, olùkọ́ tí ó ń bójú tó ilé náà gbé ìwé òṣùwọ̀n jáde, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri láìsọ̀rọ̀. Orúkọ ọmọ mọ́kànlá ni kò ní máàkì kankan níwájú. Àwọn mẹ́ta nínú wọn ti gbìyànjú, wọn kò rí i ṣe. Àwọn mẹ́jọ kò dé orí pápá rárá. Àwọn tí ohùn wọn ròkè jù ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ sì pọ̀ nínú àwọn mẹ́jọ náà. Bí mẹ́rin péré nínú wọn bá ti ṣe ohun tí ọmọ Òkè-Ògùn ṣe, ilé aláwọ̀ ewé ni ì bá gbé ife wọlé, asáré ì báà wà, ì báà má sì sí. Ẹnì kan tò wọ́n jọ láti òkè dé ilẹ̀, ó kà wọ́n, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Olórí ilé kò di akọni nítorí èyí. Àwọn kan kò bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi ṣe ìdánwò àṣejáde. Títí di òní, bí àwọn ọmọ ilé-ìwé àtijọ́ bá pàdé, ẹnu kì í kò lórí ọ̀rọ̀ náà: àwọn kan ní ìbá pa á mọ́ra, kí ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ wí ní ìkọ̀kọ̀ nígbà tí eré bá parí. Ó yẹ kí a gbọ́ tiwọn pẹ̀lú, nítorí pé ìfẹ́ ilé ni ó ń mú wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó bi wọ́n ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kò tíì ní èsì. Ilé tí òfin rẹ̀ ń mú ọmọ tí kò lè sáré, tí ó sì ń fojú fo ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, irú ilé wo ni?

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi oyin pa ọ̀rọ̀ ilé-ìwé àtijọ́ lára. Àwọn àgbà wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi ìyà jẹ ọmọdé láìnídìí, tí wọ́n ń gba gàrí lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ju ife mẹ́ta lọ nínú àpótí. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí orí wọn pé ni kò sì dé ẹnu ọ̀nà irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ rí, nítorí pé òbí wọn kò lówó. Nígbà tí ìjọba Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bendel sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ní ọdún 1979, ilẹ̀kùn ṣí fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ibùsùn di yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn ọmọ sì ń ti ilé wọn wá. Èrè tí ó wà nínú èyí ju àdánù rẹ̀ lọ. Orúkọ ilé àti àwọ̀ rẹ̀ kò parẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ eré ìje di ọjọ́ kan ṣoṣo. Ní ilé-ìwé púpọ̀, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá ni wọ́n ń ṣà. Àwọn tó kù ń jókòó sábẹ́ àtíbàbà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ibi yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn yín. Kò dìgbà tí ọmọ bá ń sùn nínú ọgbà kí òṣùwọ̀n tó ṣeé wọ̀n. Okùn, ẹfun, aago kan àti ìwé tí a ó kọ orúkọ sí ti tó. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù ọmọ ní ohun kan tí yóò dojú kọ, tí máàkì rẹ̀ yóò sì wọlé pẹ̀lú ti àwọn tó kù, nítorí pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Bí ẹ bá sì ti ka orúkọ gbogbo wọn sí ilé, ẹ jẹ́ kí òfin ilé náà mọ gbogbo wọn lọ́gbọọgba. Ọmọ tí ó bá jókòó sábẹ́ àtíbàbà láti ìwé kìn-ín-ní dé ìwé kẹfà yóò mọ àtẹ́wọ́ pa dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní mọ̀ láéláé pé oparun lè mì kí ó má sì já bọ́.